Bàbá Paná, Aṣebúrọ́ọ̀ṣì Tí Irun Inú Etí Wọn Ṣáájú Wọn Kú

Ní ọdún 1946, nínú ilé oníyàrá méjì kan tó fẹ̀yìn ti ilé ìlagi, ni wọ́n bí bàbá wa, ẹni tí òkú wọn wà níwájú yín lónìí. Lágilági ni bàbá tó bí wọn, ọmọ lágilági sì ni bàbá náà. Alágbàfọ̀ ni ìyá wọn. Bàbá wa ni àkọ́bí nínú ọmọ mẹ́rin, àwọn náà ló sì pẹ́ láyé jù nínú wọn. Púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn kò mọ orúkọ mìíràn fún wọn ju Bàbá Paná lọ. Àwọn kan tilẹ̀ rò pé oyè ni. Kì í ṣe oyè, a ó sì sọ bó ṣe jẹ́. Ọmọ wọn obìnrin àgbà ni ẹbí ní kó kọ ìtàn yìí, nítorí pé àwọn àbúrò rẹ̀ ní òun ni ẹnu rẹ̀ mú jù nínú ilé. Ẹni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀, kó fojú fò ó. Ojú ẹni tó kọ ọ́ kò tíì gbẹ.

Bàbá wa kò tíì tó ọmọ ọdún mọ́kànlá nígbà tí igi wó pa bàbá wọn. Láti ọjọ́ náà, aṣọ àwọn ẹlòmíràn ni ìyá àgbà fi tọ́ ọmọ mẹ́rin. Ọ̀sán ni wọ́n ń fọ̀ ọ́, ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń lọ̀ ọ́ nídìí fìtílà. Kẹrosíìnì tí wọ́n bá rà lónìí, ó ní láti dé ọ̀la. Ìdí nìyẹn tí bàbá wa kò fi lè rí iná tó ń jó lásán kí ara wọn balẹ̀. Wọ́n máa ń sọ fún wa pé, "Ẹni tó fi iná sílẹ̀ ní yàrá tí kò séèyàn, òógùn ìyá mi ló ń sun." A kò bá ìyá àgbà láyé, ṣùgbọ́n a mọ òógùn wọn dáadáa, nítorí ojoojúmọ́ ni bàbá wa fi ń bá wa wí.

Ìwé mẹ́fà ni bàbá wa kà. Kì í ṣe pé orí wọn kò gbé e. Ilé ni kò rọgbọ. Wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ṣe búrọ́ọ̀ṣì. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń lu ihò sára igi, bí a ṣe ń ṣa irun jọ ní ìdì, bí a ṣe ń fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdì náà wọ inú ihò kó má lè tú, àti bí a ṣe ń rẹ́ orí rẹ̀. Àwọn aṣebúrọ́ọ̀ṣì kì í sọ pé àwọn fi irun sí igi. Wọ́n ní àwọn gbin irun. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọgò, ti ìfọlẹ̀, ti bàtà, ti ọ̀dà, kò sí èyí tí ọwọ́ bàbá wa kò ká. Èyí tí irun rẹ̀ bá ti pá, wọ́n á hú ìyókù dànù, wọ́n á tún òmíràn gbìn, á sì dà bí tuntun.

Ọdún 1971 ni wọ́n fẹ́ ìyá wa, búrọ́ọ̀ṣì ló sì fà á. Ìyá wa ń fọ ìgò ní ilé oògùn kan nígbà náà. Wọ́n mú búrọ́ọ̀ṣì kan tí irun rẹ̀ ń já padà wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n sì ti gbára dì fún ìjà. Ọ̀gá bàbá wa ní bóyá inú omi gbígbóná ni wọ́n ń rì í bọ̀. Bàbá wa dáhùn láti ẹ̀yìn pé, "Kì í ṣe omi gbígbóná. Wáyà rẹ̀ ni kò le. Èmi ni mo ṣe é, mo mutí lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń tòògbé." Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ kan. Ìyá wa ní àwọn kò rí ọkùnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ ba ọjà ara rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, àti pé ẹni tí kò lè purọ́ nítorí búrọ́ọ̀ṣì kò ní purọ́ nítorí obìnrin. Bó sì ṣe rí nìyẹn. Òtítọ́ bàbá wa máa ń koro nígbà mìíràn. Bí oúnjẹ kò bá dùn, wọ́n á sọ pé kò dùn, wọ́n á sì jẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ búrọ́ọ̀ṣì yẹn títí tí wọ́n fi kú, ọtí kò kan ẹnu wọn mọ́.

Nígbà tí bàbá wa dá dúró, wọ́n rí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tóóró kan, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. Àtẹ̀gùn tó so ìsàlẹ̀ mọ́ òkè wà láàárín ògiri méjì, kò ní fèrèsé kankan. Bó ti wù kí oòrùn ràn tó níta, inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Gílóòbù kan ló wà níbẹ̀. Bọ́tìnnì rẹ̀ kan ṣoṣo sì wà lókè pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yàrá àwọn àti ìyá wa. Òfin ilé wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀kan le: bí o bá ń kọjá lẹ́bàá bọ́tìnnì, pa iná. Bàbá wa á dúró sísàlẹ̀, wọ́n á ké pé, "Ẹ paná o!" Àwọn ọmọ àdúgbò ló gbọ́ ọ tí wọ́n sọ ọ́ di orúkọ. Ọwọ́ gbogbo wa ló kọ́ òfin yìí. Ọ̀kan nínú wa gbé e dé ilé ọkọ, ó ń pa iná mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ lójú. Ìyá wa ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Bí wọ́n bá ń jáde ní yàrá, ọwọ́ wọn á ti pa iná kí orí wọn tó mọ̀.

Ní ọdún 1983, ìjọ fi bàbá wa ṣe ẹni tí ń ka Bíbélì níwájú ní ọjọ́ ìsinmi. Wọ́n á dìde láti ìjókòó ẹ̀yìn, wọ́n á fi Bíbélì sábẹ́ abíyá, wọ́n á rìn tààrà lọ síwájú bí ẹni tó ń jíṣẹ́ ọba. Ohùn wọn kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣi ọ̀rọ̀ kà, ìrìn yẹn sì wù wọ́n ju kíkà náà lọ.

Àìsàn dé ní ọdún 2014. Wáyà ló ya bàbá wa lọ́wọ́, ọgbẹ́ náà wú, ó sì wọnú ẹ̀jẹ̀. Ní ọsibítù, abẹ́rẹ́ líle kan tí wọ́n ń gún wọn lójoojúmọ́ ló gba ẹ̀mí wọn là. Àwọn dókítà ti kìlọ̀ fún wa ṣáájú pé ó lè ba nǹkan jẹ́ nínú etí. Àwa ni a ní kí wọ́n gún un, nítorí ikú ti dé ẹnu ọ̀nà. A kò bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́. Bàbá wa padà wálé láàyè, wọ́n sì ń gbọ́ràn dáadáa. Ẹ ò tó bẹ́ẹ̀ láti sọ̀rọ̀ wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kò dúró fún wọn mọ́. Bí wọ́n bá ń rìn, gbogbo ohun tí wọ́n ń wò á máa jó lọ sókè sódò. Wọn kò lè ka pátákó ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ara wọn àfi kí wọ́n kọ́kọ́ dúró. Bí ibì kan bá sì ṣókùnkùn, wọ́n á ṣubú lulẹ̀ bí àpò tí a jù sílẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí wọ́n padà sí ìjọ, wọ́n ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n láti ẹ̀yìn dé iwájú, wọ́n ń gbá ìjókòó ọ̀tún, wọ́n ń gbá ti òsì. Lọ́sẹ̀ náà, alàgbà kan wá sílé. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé, "Ẹ sinmi díẹ̀ ná, bàbá. Àwọn ọ̀dọ́ ń wò yín."

Bàbá wa ní, "Kí ni wọ́n ń wò lára mi?"

Alàgbà dìde láti máa lọ. Ilẹ̀ ló ń wò. Nígbà tó lọ tán, a rò pé bàbá wa máa bínú. Wọn kò bínú. Wọ́n sunkún níṣojú gbogbo wa.

Ìyá wa ló mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà etí. Dókítà náà da omi tútù sí etí wọn, ó ń wo ojú wọn bóyá yóò máa yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ti àwọn ẹlòmíràn. Ojú wọn kò yẹ̀ rárá. Ló bá fa àga sún mọ́ wọn, ó ṣàlàyé. Ó ní ohun tó ń mú kí èèyàn dúró ṣinṣin kì í ṣe ẹsẹ̀ nìkan. Inú etí lọ́hùn-ún, níbi tí ọwọ́ kò lè dé, ni àpò kékeré méjì wà, pẹ̀lú ọ̀nà omi mẹ́ta tó tẹ̀ bí òrùka. Nínú gbogbo wọn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì onírun wà, tí ojú lásán kò lè rí. Òmíràn nínú wọn rí bí ìgò tí ọrùn rẹ̀ fún, tí ẹ̀ka iṣan gbá a mọ́ra bí ife. Òmíràn sì rí gbọọrọ bí ọ̀pá. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ìdì irun kan wà.

Bàbá wa tí wọ́n ti tẹ́tí sílẹ̀ béèrè pé, "Ṣé wọ́n rẹ́ orí rẹ̀ dọ́gba?"

Dókítà ní rárá. Ó ní èyí tó kúrú ló ṣáájú, èyí tó ga jù ú lọ tẹ̀ lé e, wọ́n tò bẹ́ẹ̀ lọ sókè bí àtẹ̀gùn, títí dé ọ̀kan ṣoṣo tó ga ju gbogbo wọn lọ ní ìpẹ̀kun. Okùn tín-ín-rín so orí èyí tó kúrú mọ́ ara èyí tó ga jù ú lọ. Nínú àpò méjèèjì, ohun kan tó ń yọ̀ bí funfun ẹyin bo irun náà, òkúta wẹ́wẹ́ sì wà lórí ohun yíyọ̀ náà. Bí a bá tẹ orí wá sílẹ̀, òkúta á wọ́ ohun yíyọ̀ náà, irun á sì tẹ̀. Nínú ọ̀nà omi mẹ́ta, bí a bá yí orí, omi á kọ́kọ́ lọ́ra, á ti ohun yíyọ̀ tó wà lójú ọ̀nà rẹ̀, irun á tẹ̀ níbẹ̀ náà. Bí irun bá tẹ̀ sí ìhà èyí tó ga jù, okùn á le, á fa ilẹ̀kùn kékeré ṣí, sẹ́ẹ̀lì á sì ránṣẹ́ kíkankíkan sí ọpọlọ. Bí ó bá tẹ̀ sí ìhà kejì, okùn á dẹ̀, ilẹ̀kùn á tì, iṣẹ́ tó ń rán á dín kù. Bẹ́ẹ̀ ni orí ṣe ń mọ ibi tó kọjú sí, kódà nínú òkùnkùn. Abẹ́rẹ́ tó gba bàbá wa là ló pa àwọn sẹ́ẹ̀lì náà, ní etí méjèèjì.

Bàbá wa ní, "Ó dáa. Ẹ gbin òmíràn síbẹ̀."

Dókítà ní, "Kò sẹ́ni tó lè gbìn ín, bàbá. Ti èèyàn kì í sì í hù padà."

Bàbá wa yí ọwọ́ wọn síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn, wọ́n ń wò ó. Ọwọ́ tó ti ń tún irun gbìn fún gbogbo ayé láti ìgbà èwe ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n gé igi kan tó tó àtẹ́lẹwọ́. Wọ́n gbin irun sí i ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, láti kúkurú dé gíga, wọ́n fi irun ẹṣin dúdú kan ṣoṣo sí ìpẹ̀kun, wọ́n sì fi òwú ìránṣọ so orí ọ̀kan mọ́ ara èkejì. Wọ́n gbé e lọ sí ìjọ, wọ́n tọrọ àyè. Wọ́n di ẹ̀yìn àga mú, wọ́n fi ìka tẹ irun náà síwájú, wọ́n tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, wọ́n sọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n mú abẹ, wọ́n fá a kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Bí tèmi ṣe rí nìyí. Ìgbà kan ni mo mutí láyé mi, ìyàwó mi mọ̀ nípa rẹ̀. Kì í ṣe ọtí lẹ̀ ń rí."

Màmá àgbàlagbà kan ní iwájú ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Paná. Àwa ti rò pé ẹ ń jẹ̀gbádùn ni." Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín, bàbá wa náà rẹ́rìn-ín. Alàgbà tó wá sílé ló dìde tó mú wọn padà sí ìjókòó wọn. Wọ́n dá iṣẹ́ kíkà padà fún wọn, ṣùgbọ́n orí ìjókòó ni wọ́n ti ń kà á láti ọjọ́ náà. Ìrìn yẹn ti lọ.

Nọ́ọ̀sì kan ní ilé ìwòsàn etí ló tún ìrìn kọ́ wọn. Ó ní, "Bàbá, ojú yín àti àtẹ́lẹsẹ̀ yín ni kó máa ṣiṣẹ́ irun yẹn báyìí. Bí iná bá kú, ojú ti lọ nìyẹn. Ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ẹ jókòó síbi tí ẹ bá wà." Àwa ọmọ fẹ́ gbé bẹ́ẹ̀dì wọn wá sísàlẹ̀ kí ọ̀rọ̀ àtẹ̀gùn tán. Wọ́n fi ìbínú kọ̀. "Ọjọ́ tí ẹ bá gbé bẹ́ẹ̀dì mi sọ̀kalẹ̀, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé òkú mi nìyẹn." Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ṣì ń fẹ́ láyé ni kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ ara wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sídìí iṣẹ́ láràárọ̀, kí ẹnikẹ́ni má di wọ́n lọ́wọ́ mú. Ìyá wa ò fẹ́ ẹ, ṣùgbọ́n wọ́n gbà. Bàbá wa gbin irun èèpo àgbọn líle sí etí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan, kí àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lè mọ ibi tó parí sí. Wọ́n bọ́ bàtà sílẹ̀. Bàbá Paná sì fi ẹnu ara wọn yí òfin padà: iná àtẹ̀gùn gbọ́dọ̀ máa tàn láti òwúrọ̀ títí gbogbo ilé á fi sùn. Wọ́n ní ìyá àwọn á fi èyí jin àwọn. Wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ bọ́tìnnì kí ojú lè máa rán ọwọ́ létí. Kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni nínú wa. A ó pa á, a ó sáré tàn án. Ìyá wa á gbá ọwọ́ ara wọn, wọ́n á ní, "Ọwọ́ yìí ò gbọ́ràn."

Bẹ́ẹ̀ ni bàbá wa ṣe rìn fún ọdún mẹ́sàn-án. Wọn a máa lọ sí ilé ìwòsàn náà láti jókòó ti àwọn tí àìsàn yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, wọ́n á yọ búrọ́ọ̀ṣì kékeré yẹn nínú àpò, wọ́n á ní, "Orí yín ò dàrú. Irun ló kú." Wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, kí wọ́n lè rí ohun tí wọ́n máa fi han ará ilé wọn. Àwọn kan nínú wọn wà láàárín yín lónìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa di wọ́n mú bí a bá ń jáde.

Ní oṣù tó kọjá, ọdún 2023, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá wa jẹun tán lókè, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ parí búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ kan. Ìyá wa ń jáde ní yàrá láti lọ ká aṣọ lórí okùn. Bàbá wa ti dé àárín àtẹ̀gùn nígbà tí iná kú. Kì í ṣe pé iná lọ ní àdúgbò. Rédíò ṣọ́ọ̀bù ṣì ń sọ̀rọ̀ nísàlẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n jókòó. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn fẹ́ jókòó, ṣùgbọ́n àwọn kọ́kọ́ gbé orí sókè wo ibi tí iná wà. Orí náà yí, kò sì sí irun kankan tó máa sọ fún un pé ó ti yí. Wọ́n já dé ìsàlẹ̀. Egungun ìbàdí wọn kán.

Ní ọsibítù, gbogbo wa dúró yí bẹ́ẹ̀dì wọn ká. Àbúrò wa ọkùnrin béèrè pé, "Ta ló pa iná?" Ìyá wa gbójú sókè. Wọ́n ní, "Bàbá wọn, ọwọ́ mi yìí..."

Bàbá wa kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. "Èmi ni mo pa á. Ṣebí ẹ mọ èmi àti iná."

Àbúrò wa ní, "Bàbá, òkè ni bọ́tìnnì wà, ẹ̀yin sì ti..."

"Mo ní èmi ni mo pa á. Ṣé mo ti purọ́ fún ẹ rí?"

Kò sí ẹni tó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bàbá wa na ọwọ́ sí ìyá wa. Ìyá wa dì í mú, wọn kò sì fi í sílẹ̀. Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn, ọwọ́ nínú ọwọ́, títí bàbá wa fi dákẹ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni wọ́n.

Wọ́n fi ìyá wa sáyé lọ, ìyàwó wọn láti ọdún méjìléláàádọ́ta. Wọ́n fi ọmọ mẹ́rin sílẹ̀, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì: aránṣọ, awakọ̀, olùkọ́, àti àbígbẹ̀yìn tó jogún ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀, tí gbogbo wọn mọ bí a ṣe ń gbin irun. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọlẹ̀ kan sílẹ̀ tí kò tíì parí. A kò ní parí rẹ̀.

Ìyá wa ní òtítọ́ ni kí a kọ sínú ìwé yìí, wọ́n sì fi omijé bẹ̀ wá. Àwa ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lórí. Ohun tí a fẹnu kò sí nìyí, òun náà ni a ó sì máa sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, títí kan àwọn ọmọ wa: bàbá wa ló pa iná náà. Àwọn fúnra wọn ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn kò sì purọ́ rí.

Bàbá Paná, ẹ sùn re o. Ilẹ̀ tí ẹ wà yìí kò ní yí mọ́ yín lẹ́sẹ̀. Iná àtẹ̀gùn wà ní títàn, ìyá wa ló ń ṣọ́ ọ.